Oògùn ọkàn tí ẹ ń fowó rà yẹn, ṣé ara yín ń lò ó?

Kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lónìí tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jẹ́nótáìpù. Bí ọmọ rẹ̀ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, lẹ́yìn tó bá ti béèrè ilé tó ti wá, ohun tó kàn ni pé, ṣé AA ni àbí AS. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè ìwé ẹ̀ kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, àwọn mọ́ṣáláṣí kan náà ti ń béèrè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń ṣe àyẹ̀wò náà láyé, ohun tó bá sì sọ, bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí dọjọ́ alẹ́, nítorí pé ohun tí bàbá àti ìyá fi sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í yí padà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin oníṣòwò sọ lónìí kò jìnnà síyẹn. Àyẹ̀wò kan wà, àyẹ̀wò jíìnì, tó ń sọ bóyá oògùn ọkàn kan máa ṣiṣẹ́ lára èèyàn tàbí kò ní í ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ń lò ó lókè òkun. Àwọn kan sì ti ń polówó irú ẹ̀ fún wa níbí, pàápàá lórí fóònù, pé kéèyàn sanwó, kó tutọ́ sínú ike kan, kí wọ́n sì to gbogbo oògùn tó bá ara ẹ̀ mu sórí ìwé fún un.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Àyẹ̀wò náà dáa, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó náwó sí i. Tó bá jẹ́ oògùn ọkàn là ń sọ, méjì péré ni mo rí tó yẹ kí ẹni tó ń fi kọ́bọ̀ kún kọ́bọ̀ torí ẹ̀ ṣe é: clopidogrel àti warfarin. Tí a bá sì máa ṣe é, àfi èyí tó ń wo irú jíìnì tí àwa aláwọ̀ dúdú ní, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì dán wò tí wọ́n wá ń kó o tà fún wa.

Ẹnì kan lè ní kí ni ọ̀rọ̀ oògùn ń wá lójú ewé òwò. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá kan bá ṣàìsàn l'Ékòó, wọ́n á fi ẹlòmíì sí àyè ẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tiwa, láti Ìlobùú dé Ẹ̀rìn dé Ìfọ́n, ẹnì kan ló ni ín, òun náà ló ń rajà, òun ló ń tà á, òun ló mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè àti ẹni tí òun jẹ. Ìwé ìṣirò owó ẹ̀, inú orí ẹ̀ ló wà. Lọ́jọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá gbé onítọ̀hún ṣánlẹ̀, ọjọ́ náà ni ṣọ́ọ̀bù kú. Àwọn tó jẹ ẹ́ lówó á dákẹ́ jẹ́ẹ́, àwọn tí òun jẹ lówó á sì ti dé kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ wá wo ìlú bíi Ẹ̀rìn, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìlù ni ayé fi mọ̀ ọ́n, táwọn ọmọ Àyàn ibẹ̀ ti lu ìlù dé ilẹ̀ Jámánì. Bí ọwọ́ kan bá kú lára onílù, kí ló kù tó fẹ́ fi wá oúnjẹ òòjọ́?

Nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́ta lórílẹ̀-èdè yìí ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, owó oògùn kò sì dúró sójú kan mọ́. Ọdún 2023 ni náírà já wálẹ̀ bí ẹni já láti orí àgbọn. Lọ́dún náà ni ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, tí Sanofi náà sì ní àwọn ò ní í máa ta oògùn fúnra àwọn níbí mọ́, pé aṣojú ni yóò máa bá àwọn tà á. Ẹni tó ń ra oògùn lóṣooṣù mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí látìgbà náà. Sanofi yìí sì wà lára àwọn tó gbé Plavix jáde, ìyẹn orúkọ ọjà tí clopidogrel fi kọ́kọ́ wọ̀lú. Ẹni tó bá ń fi owó tó nira báyìí ra oògùn tí ara ẹ̀ kò lè lò, àdánù méjì ló ń ṣe: owó tó ná, àti àìsàn tó rò pé òun ti dí ọ̀nà mọ́, tó sì ń bọ̀ lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Kí wá ni clopidogrel ń ṣe? Kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru o. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ni. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì rí, tàbí ẹni tí wọ́n ti fi wáyà kékeré kan la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn ẹ̀, tàbí ẹni tí irú rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń fà ti mú rí, ni dókítà sábà máa ń kọ ọ́ fún. Hóró kan lójúmọ́ ni, fún oṣù méjìlá fún àwọn kan, títí lọ fún àwọn mìíràn. Hóró 365 nìyẹn lọ́dún kan. Ẹ mú iye tí wọ́n ń ta káàdì kan fún yín ní kẹ́míìsì, kí ẹ sì ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín.

Bí oògùn yìí ṣe wà nínú páálí kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ tutù ni ẹ fi í wé. Kò sẹ́ni tó ń da omi sí ẹ̀gẹ́ tutù kó máa mu ún bíi gàrí. Àfi kí wọ́n bó o, kí wọ́n rìn ín, kí wọ́n fún omi ara ẹ̀ dànù, kí wọ́n yan án. Ẹ̀dọ̀ wa ni ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí yẹn. Ohun tó dà bí ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ẹ̀dọ̀, CYP2C19 làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é, jíìnì ló sì ń pinnu bí ẹ̀rọ náà ṣe máa lágbára tó. Èèyàn jogún méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, bíi ti jẹ́nótáìpù gẹ́lẹ́. Ẹni tí méjèèjì kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ẹ̀ kò ní í yí: ẹ̀gẹ́ ló gbé mì, ẹ̀gẹ́ náà ló máa jẹ́ títí tó fi máa jáde lára ẹ̀. Ẹni tí ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀kan kò ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ẹ̀ ń yí, àmọ́ gàrí tó ń jáde kò tó ilé jẹ.

Oṣù kẹta ọdún 2010 ni àjọ FDA, tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sára ìwé oògùn yìí nítorí ọ̀rọ̀ náà. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé nínú òyìnbó aláwọ̀ funfun 100, bíi 2 ni ẹ̀rọ yìí kò ṣiṣẹ́ rárá lára wọn, nínú aláwọ̀ dúdú 100, bíi 4, nínú àwọn ará Ṣáínà 100, bíi 14. Ẹ má wo 4 kí ẹ ní ó kéré. Àwọn tí ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ kò sí nínú iye yẹn, wọ́n sì pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì.

Níbi tí wọ́n ti mọ iye ẹ̀mí èèyàn, ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ kóòtù. Ìpínlẹ̀ Hawaii ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tí baba ńlá wọn wá láti Éṣíà pọ̀ sí, pe Bristol-Myers Squibb àti Sanofi lẹ́jọ́ lọ́dún 2014, wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ náà mọ̀ pé Plavix kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ọ̀pọ̀ irú èèyàn bẹ́ẹ̀, wọn ò sì sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ náà láwọn ò jẹ̀bi. Adájọ́ kọ́kọ́ bu owó tó lé ní 834 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá apá kan ẹjọ́ náà padà lọ́dún 2023, nígbà tí wọ́n tún un gbọ́ lọ́dún 2024, owó náà tún lọ sókè sí 916 mílíọ̀nù. Nígbà tó di ọdún 2025, wọ́n parí ẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí sí 700 mílíọ̀nù dọ́là. Mi ò sọ pé ká lọ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìpínlẹ̀ kan jókòó, ó ṣírò ohun tí ọ̀rọ̀ oògùn tó lè má ṣiṣẹ́ lára àwọn aráàlú ẹ̀ já sí, ó sì rí i pé owó ńlá ni. Àwa ò tíì ṣírò tiwa.

Lóṣù keje ọdún 2024, àjọ NICE, tó ń gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ohun tó yẹ kí ilé ìwòsàn NHS náwó sí, ní kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò jíìnì yìí fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì bá mú, kí wọ́n tó gbé clopidogrel lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta níbẹ̀ ló ní ó kéré tán ọ̀kan nínú irú jíìnì tí àwọn ń wá náà. Ẹ̀rọ kékeré wà tó lè sọ èsì ẹ̀ láàárín bíi wákàtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé níbí ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní London àti Manchester. Bí ẹ̀gbọ́n yín lọ́hùn-ún bá ṣe àyẹ̀wò yìí, tí wọ́n ní méjèèjì kò ṣiṣẹ́ lára ẹ̀, ìròyìn yẹn kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Ó túmọ̀ sí pé bàbá yín ní ó kéré tán ọ̀kan, ìyá yín náà ní ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú ẹ̀, ó kéré tán ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ṣeé ṣe kó rí bíi tiẹ̀, ìṣirò kan náà tí ẹ ti mọ̀ lórí SS. Fóònù lásán ni kó fi sọ fún yín. Káwọn ará òkè òkun tó máa fi oògùn ránṣẹ́, kí wọ́n máa fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ ná.

Nǹkan kan tún wà tí kò gba àyẹ̀wò kankan, tó sì ń bà mí lẹ́rù ju jíìnì lọ. Omeprazole ni. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Oògùn ọgbẹ́ inú tí gbogbo kẹ́míìsì ń tà láìbéèrè ìwé dókítà. Omeprazole máa ń dí ẹ̀rọ CYP2C19 yẹn lọ́wọ́. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀rọ tó dáa, tó ń lo clopidogrel láàárọ̀, tó wá ń fi omeprazole lé e nítorí pé inú ń ta á, òun fúnra ẹ̀ ló ń pa iná ẹ̀rọ ara ẹ̀. FDA ti kìlọ̀ ẹ̀ láti ọdún 2009. Oògùn inú mìíràn wà tí kì í dí i lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, pantoprazole jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn ní Ẹ̀rìn, Ìlobùú àti Ìfọ́n, oníṣòwò ni ẹ̀yin náà, ẹ sì wà lára àwọn tí mò ń bá wí: kí ẹ tó ta omeprazole fún àgbàlagbà, ẹ bi í bóyá ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìbéèrè yẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ warfarin yàtọ̀. Òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì ń lò ó púpọ̀ fún àwọn tí ìlẹ̀kùn ọkàn wọn bàjẹ́ láti kékeré, èyí tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa nítorí àìsàn ọ̀nà ọ̀fun tí wọn ò tètè tọ́jú lọ́mọdé. Ti warfarin kò gba kí ẹ̀dọ̀ yan án kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o kúrò lára nígbà tó bá ti ṣiṣẹ́ tán. Ẹ fi í wé gọ́tà. Tí gọ́tà bá là, omi á máa lọ. Tó bá dí, àgbàrá á wọlé. Ẹni tí jíìnì ẹ̀ kò jẹ́ kó tètè kó warfarin dànù, ìwọ̀n tí ẹlòmíì ń lò láìsí wàhálà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya lára ẹ̀, nínú ìfun tàbí nínú ọpọlọ pàápàá. Tó bá sì kéré jù, ẹ̀jẹ̀ á dì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lò ó fi ní láti máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lemọ́lemọ́, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní INR, kó má sì máa jẹ ẹ̀fọ́ lọ́pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí kó wá ṣíwọ́ pátápátá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tiwa àti ẹ̀jẹ̀ tiwọn ti wọlé. Lọ́dún 2013, èsì ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní COAG jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n kó èèyàn tó lé ní 1,000 jọ, wọ́n fi àyẹ̀wò jíìnì díwọ̀n warfarin fún apá kan, wọn ò lo jíìnì fún apá kejì. Lápapọ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, àwọn tí wọ́n lo jíìnì fún gan-an lọ̀rọ̀ wọn burú jù. Tí a bá pín àkókò ìwádìí náà sí 100, bíi 35 péré ni oògùn fi wà ní ìwọ̀n tó yẹ lára wọn, nígbà tí ti àwọn tí wọn ò lo jíìnì fún jẹ́ bíi 43. Ẹ gbọ́ o: àwọn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún, àwọn ló fara gbá a.

Kí ló fà á? Jíìnì tó ń kó warfarin dànù, CYP2C9, ní oríṣiríṣi ẹ̀dà. Ẹ̀dà 2 àti 3 ló wọ́pọ̀ lára òyìnbó, àwọn yẹn ni wọ́n ń wá. Èyí tó wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú, pàápàá ẹ̀dà 8, títí kan 5, 6 àti 11, wọn ò wá a. Ẹni tó ní ẹ̀dà 8, wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé fún un pé kò sí nǹkan tó ṣe é, wọ́n á sì díwọ̀n oògùn fún un bí ẹni tí gọ́tà ẹ̀ là. Ẹni tó ń kan ìlù ní Ẹ̀rìn máa tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Bí awọ ṣe fẹ́lẹ́ sí, bí igi ṣe tóbi sí, ló ń fi í fa ọsán. Kò sẹ́ni tó ń fa ọsán gáńgan bó ṣe ń fa ti ìyáàlù dùndún, kó wá máa retí ohùn tó dáa.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe pé ayé kò ní ẹ̀jẹ̀ wa lọ́wọ́. Lọ́dún 2005 tí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ńlá lórí jíìnì ọmọ aráyé jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní HapMap, èèyàn 269 ni wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ wọn láti ibi mẹ́rin láyé. 90 nínú wọn, Yorùbá Ìbàdàn ni. Títí di òní, kò sí onímọ̀ jíìnì kan níbikíbi tí kò mọ YRI, orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn yẹn. Wọ́n ti mọ̀ wá nínú ìwé wọn fún ogún ọdún, síbẹ̀ ọjà tí wọ́n ń tà fún wa kò tíì bá ara wa mu tán. Ẹni tó bá wá fi àyẹ̀wò jíìnì lọ̀ yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn: ṣé ẹ ń wo CYP2C9 ẹ̀dà 8? Tó bá ní òun ò mọ̀, ẹ dá owó yín padà sápò.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ńkọ́, tó jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù láàárín wa? Èrò mi ni pé ẹ má ná kọ́bọ̀ sórí jíìnì nítorí ẹ̀. Ìwádìí CREOLE, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, tí èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2019, fi èèyàn dúdú 728 dán àpapọ̀ oògùn méjì-méjì wò. Èyí tí amlodipine wà nínú ẹ̀ ló fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ jù. Amlodipine kì í ṣe oògùn tuntun, kẹ́míìsì gbogbo ló ní i. Kò sẹ́ni tó yẹ jíìnì ẹnikẹ́ni wò kí wọ́n tó mọ èyí. Àwọn oògùn tí orúkọ wọn parí sí "pril", bíi lisinopril, máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan, ó sì máa ń mú ètè àti ahọ́n wú lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ. Ẹni tí ètè ẹ̀ bá wú lẹ́yìn tó lò ó, kó má gbé òmíràn mì, ọsibítù ló kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Owó jíìnì yẹn, ẹ fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sí ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo ojúlé ọjà máa lò ó.

Àwọ̀ ara pàápàá kì í ṣe jíìnì o. Lọ́dún 2005, FDA fọwọ́ sí BiDil, oògùn tí wọ́n tà pé ti aláwọ̀ dúdú tí ọkàn ẹ̀ ń rẹ̀ ni, lẹ́yìn ìwádìí tí wọ́n fi aláwọ̀ dúdú 1,050 ṣe, tí ikú fi dín ní 43 nínú 100. Oògùn náà ran àwọn èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ oògùn àtijọ́ méjì ni wọ́n pò pọ̀, hydralazine àti isosorbide dinitrate, wọ́n wá fowó lé e. Ọjà náà kò sì tà bí wọ́n ṣe rò.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwọn kan ti gbìyànjú láti sọ jíìnì wa di òwò níbí. 54gene ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ọdún 2019 ló bẹ̀rẹ̀, orílẹ̀-èdè 54 tó wà nílẹ̀ Áfíríkà ló fi ṣorúkọ. Owó tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò tó 45 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà kòrónà, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀, owó ń wọlé. Nígbà tó di ọdún 2023, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹnu ò kò lórí ohun tó fà á. Èrò tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wo òwò ni pé dọ́là àwọn olùdókòwò kò lè dípò oníbàárà tó ń sanwó nílé. Oníṣòwò tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀yáwó láìní oníbàárà tó ń padà wá mọ ibi tó máa já sí.

Oníbàárà yẹn, àwa ni. Odò Ẹ̀rìnlẹ̀ tó ń ṣàn kọjá lọ́dọ̀ wa ló ń wọ Ẹdẹ lọ, ní Ẹdẹ yẹn sì ni Redeemer's University wà, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti ka jíìnì kòrónà lóṣù kẹta ọdún 2020, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kà á nílẹ̀ Áfíríkà. Kòkòrò àrùn ni iṣẹ́ tiwọn, kì í ṣe oògùn ọkàn, àmọ́ ẹni tó lè ka jíìnì kòrónà kò ní í jìyà lórí CYP2C19. Òṣogbo tó wà láàárín wa ní ọsibítù ńlá ti UNIOSUN, àwọn dókítà ọkàn wà níbẹ̀ àti ní Ilé-Ifẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n rí ẹni tó máa sanwó, kí ó sì pọ̀ débi tí ẹ̀rọ kò fi ní í máa jókòó lásán, nítorí iye èèyàn ló ń mú owó àyẹ̀wò wálẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ ra àpò ìrẹsì kan àti ẹni tó fẹ́ ra tírélà.

Òfin ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní O'HIS. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ awakọ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló yẹ kó kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n ní kí àyẹ̀wò yìí wọ inú ohun tí adójútòfò ń san fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá ti mú, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ rí, àti ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ warfarin. Àwọn nìkan. Tí ẹ bá ní gbogbo èèyàn, wọ́n á ní kò sí owó, òtítọ́ ni wọ́n á sì sọ. Kí èyí tó ṣeé ṣe, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè máa yá ọmọ ẹgbẹ́ tọ́rọ̀ kàn lówó àyẹ̀wò, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń san ẹ̀yáwó ọjà. Ẹ̀ẹ̀kan láyé ni. Mi ò rò pé ẹgbẹ́ tó ń yáni lówó ìnáwó ìyàwó lè ní èyí ò tọ́.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìbi í ibi tó ń gbé e lọ. Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023 ka jíìnì mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹni tó máa rí èsì yín àti bóyá wọ́n máa tà á. Èsì náà fúnra ẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bò ó bíi ìwé jẹ́nótáìpù, kí ọmọ mọ ibi tó wà, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá sáré gbé yín wọ ọsibítù, ẹnu yín lè má ṣeé sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ń lo clopidogrel tàbí warfarin lọ́wọ́ báyìí, tó ti ka èyí tán, kó má ṣe dá oògùn dúró lónìí o. Ẹni tó bá dá clopidogrel dúró lójijì lẹ́yìn tí wọ́n ti fi wáyà sínú ọkàn ẹ̀ lè bá ikú pàdé lọ́sẹ̀ kan náà. Kó kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú lailọ́ọ̀nù kan, títí kan omeprazole àti àgbo, kó kó o lọ bá dókítà ẹ̀ tàbí apòògùn tó gbàwé ẹ̀rí, kó tú u sílẹ̀ níwájú ẹ̀, kó sì bi í léèrè ẹyọ kọ̀ọ̀kan.